Ibi Tí Wọ́n Ti Bèèrè Orúkọ Oyèdòkun

Ẹ̀yin ọmọ Ojú-Oórì, ẹ fara balẹ̀ kí n rò fún yín bí ilé wa ṣe di ilé. Mo mọ̀ pé àwọn ará ìlú mìíràn ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jà. Wọ́n ní ta ni yóò wá ìyàwó lọ sí ìlú tó ń jẹ́ sàréè. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ òkú sísin tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́. Mo ti kan pósí olówó, mo ti kan ti tálákà, n kò sì tíì rí ìlú tí orúkọ rẹ̀ yẹ ẹ́ tó tiwa.

Ní ayé ogun, àwọn ọmọ ọba méjì kan wà ní Ìdóko. Oyèdòkun ni ẹ̀gbọ́n, Adégòróyè ni àbúrò. Wọ́n wà nínú igbó ọdẹ, ìrìn ogún ọjọ́ sílé, nígbà tí àìsàn gbé Oyèdòkun dè. Kí ó tó kú, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó ní, "Gòróyè, má fi mí sílẹ̀ sí ìdálẹ̀. Gbé mi délé." Adégòróyè búra fún un.

Ní àṣà àwọn baba wa, ibi tí ènìyàn bá kú sí lẹ́yìn odi ni wọ́n ń sin ara rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n wọ́n á gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n á dì í sínú aṣọ funfun, wọ́n á gbé e wá sílé kí àwọn ẹbí sin ín. Ẹ̀ta ni wọ́n ń pè é. Títí ẹ̀ta yóò fi wọlẹ̀, òkú ṣì wà lójú ọ̀nà. Ohun tí Adégòróyè gbé kọ́ èjìká nìyẹn nígbà tó kọjú sílé.

Ìgbà tó débẹ̀, Ìdóko ti jóná. Àwọn tó jó o ti pàgọ́ sórí ilé bàbá rẹ̀, wọ́n ń dáná lórí oórì àwọn baba ńlá rẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn igi, ó ń wò wọ́n, kò mọ ibi tí yóò gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà.

Ó gun òkè Arígbá lọ bá àwòrò tó ń tọ́jú ojúbọ ibẹ̀, ìyá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Ìyá náà fọwọ́ kan ìdì aṣọ náà, ó ní: "Ilé tí o mọ̀ ti lọ. Máa rìn. Níbi tí wọ́n bá ti bèèrè orúkọ ẹni tí o gbé kí wọ́n tó bèèrè tìrẹ, gbẹ́ ilẹ̀ síbẹ̀. Ilé rẹ nìyẹn."

Ọdún mẹ́ta ni ó fi rìn. Lẹ́nu odi gbogbo, ìbéèrè kan náà ni: ta ni ọ́, ọmọ ta ni, kí lo wá ṣe? Ọba ìlú kan tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ó fún un ní ilẹ̀, ó fẹ́ fi í joyè, ó wá ní kí ó sọ ìdì yẹn sígbó, nítorí òkú tàwọn tó àwọn sin. Adégòróyè dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó gbé ẹrù rẹ̀. Mo máa ń ronú sí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn. Ebi ń pa á, bàtà rẹ̀ ti já, ilé sì wà níwájú rẹ̀.

Níkẹyìn ó rẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dé etí odò kan tí kò sí ilé kankan nítòsí rẹ̀, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé arúgbó náà tan òun jẹ ni. Ó yọ ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ bo ẹ̀ta náà mọ́lẹ̀ wéré, kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Obìnrin kan tó wá pọnmi yọ sí i. Abọ́sẹ̀dé ni orúkọ rẹ̀, ogun ló lé òun náà dé agbègbè yẹn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ó wí. "Ta lẹ fẹ́ sin?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Kí lorúkọ wọn?"

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ Adégòróyè. Fún ọdún mẹ́ta kò sí ẹni tó bi í, òun náà kò sì pe orúkọ náà síta láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú. Ó la ẹnu, ẹkún ló jáde. Obìnrin náà sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀, ó dúró dè é.

"Oyèdòkun ni."

Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ létí kòtò. "Oyèdòkun, ẹ kú àbọ̀," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ni ó wá yíjú sí i. "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, kí lorúkọ yín?"

Abọ́sẹ̀dé sọ ìdí tí òun fi kọ́kọ́ bèèrè orúkọ òkú. Nígbà tí wọ́n ń sá fógun, ọkọ rẹ̀ kú lójú ọ̀nà. "Òkú yẹn, òkú yẹn, ni wọ́n ń pè é títí wọ́n fi bò ó tán. Ọdẹ́yalé lorúkọ rẹ̀. Ó mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe. Mo sọ pé irú rẹ̀ ò ní tọwọ́ mi ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn."

Adégòróyè tún ọkọ́ mú, ó gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn bó ti yẹ. Ó gbẹ́ èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì sin fìlà Ọdẹ́yalé síbẹ̀, èyí tí ìyàwó rẹ̀ ti ń gbé kiri. Kò lè fi ojú oórì méjì sílẹ̀ lọ, ó bá pàgọ́. Àwọn mìíràn tí ìlú wọn ti tú, tí wọ́n gbé ìdì aṣọ funfun lọ́wọ́, gbọ́ pé ibì kan wà tí wọ́n ti ń bèèrè orúkọ òkú. Wọ́n wá, wọ́n sin ẹni wọn, wọ́n sì kọ́lé tì í. Adégòróyè fẹ́ Abọ́sẹ̀dé, ó sì di ọba wa àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kì wá pé:

Ọmọ Ojú-Oórì,
ọmọ abèèrè-orúkọ-kó-tó-gbọkọ́,
ọmọ akókùú-káàbọ̀ bí ẹni tó toko dé.

Di òní, kò sí òkú tí yóò wọ ọ̀dọ̀ mi kí n má kọ́kọ́ bèèrè orúkọ. Ọkùnrin tí a kò bá mọ orúkọ rẹ̀, Oyèdòkun ni a ń pè é, obìnrin a máa jẹ́ Abọ́sẹ̀dé, a ó sì kí i káàbọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ ilé ìwòsàn gbé ọkùnrin kan wá, ẹni tí mọ́tò gbá lójú títì. Dírẹ́bà ní, "Bàbá, kò lórúkọ o. Nọ́ńbà ni wọ́n so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀." Mo tú nọ́ńbà náà sọnù. Mo ní, "Oyèdòkun, ẹ kú àbọ̀."

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọ̀dọ́bìnrin kan wọlé tọ̀ mí, ó mú fọ́tò bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Mo mọ ojú náà. Mo mú un lọ síbi tí a sin ín sí, ó jókòó sílẹ̀, ó pe bàbá rẹ̀ ní Súmọ́nù, ó sunkún tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tó dìde, mo ní n ó sọ fún bírikìlà kó pa Oyèdòkun tí a kọ sójú oórì náà rẹ́, kó kọ Súmọ́nù sí i.

Ó mi orí. "Ẹ fi sílẹ̀, bàbá. Ẹ kọ Súmọ́nù tẹ̀ lé e. Orúkọ yẹn ló gbà wọ́n sílé."

Orúkọ méjèèjì ló wà lójú oórì náà lónìí.