Òǹkàwé Tó Mọ Alfa, Tó Sì Mọ Omega

Ọkùnrin kan wà tó ti ń ka ẹ̀kọ́ fún ìjọ láti ọdún mọ́kànlá, tí kò sì fẹ́ nǹkan mìíràn láyé ju kó di àlùfáà lọ. Ó ti ra kọ́là funfun tí àlùfáà ń wọ̀ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti jáde, á fi sọ́rùn, á dúró síwájú dígí.

Bíṣọ́ọ̀bù wá pàṣẹ pé ẹni tí kò bá lè ka èdè Gíríìkì àtijọ́ sókè kò ní di àlùfáà. Wọ́n dá kíláàsì sílẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ní àràárọ̀ Sátidé.

Lọ́jọ́ kìíní, olùkọ́ kọ lẹ́tà mẹ́rìnlélógún sójú pátákó. Òǹkàwé wo ti àkọ́kọ́, Alfa ni. Ó wo ti ìkẹyìn, Omega ni. Inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn. Ṣebí àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n fi ọ̀dà wúrà kọ sókè pẹpẹ, tó ti ń wò láti kékeré?

"Ẹni tó bá ti di ejò mú lórí, tó dì í mú nírù," ló wí fún olùkọ́, "kí ló tún kù níbẹ̀, sà?"

Ó palẹ̀ ìwé rẹ̀ mọ́, ó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń jẹ ẹ̀pà. Sátidé kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ló ń jókòó sí.

Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ àwọn yòókù. Agbẹ̀bí kan wà nínú wọn tó ti fẹ̀yìn tì, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká. Kò wá ipò kankan, ó kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n kà kó tó kú ni. Wọ́n dé orí lẹ́tà kan tó rí bí ẹyin tí wọ́n fa ìlà sí nínú, Tẹ́tà lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pè é á ki ahọ́n bọ àárín eyín, á wá fẹ́ atẹ́gùn síta. Màmá fẹ́ atẹ́gùn títí, itọ́ ń ta sí gíláàsì ojú olùkọ́.

Olùkọ́ nù ún. "Ẹ tún un pè, Màmá."

Sátidé méjì gbáko ni Màmá lò lórí lẹ́tà kan ṣoṣo. Òǹkàwé rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun.

Ọjọ́ ìdánwò pé, gbogbo kíláàsì jókòó. Bíṣọ́ọ̀bù na páálí kan sókè, ọ̀rọ̀ kan péré ló wà lára rẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin. Òǹkàwé wá Alfa, kò rí i. Ó wá Omega, kò sí níbẹ̀. Òógùn bò ó.

"Bàbá wa," ó ní, "ọ̀rọ̀ yìí kò pé. Ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé orí, ó sì gbàgbé ìrù."

Bíṣọ́ọ̀bù kọjú páálí sí agbẹ̀bí. Màmá ki ahọ́n bọ àlàfo eyín rẹ̀, itọ́ ta, ó kà á: "Téọ́ọ̀sì."

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Ọlọ́run ni, Bàbá."

Ojú ti òǹkàwé, ilẹ̀ kò sì lanu gbé e mì. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń wá bí yóò ṣe sin Ọlọ́run, wọ́n kọ Ọ́ síwájú rẹ̀, kò dá A mọ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó lọ jókòó ti Màmá. Itọ́ ń ta sí i lójú, kò nù ún.

Ìwọ ni mo ń bá wí, ọmọ mi, má wo ẹ̀yìn. O ń fi àdúrà jí, o ń fi àdúrà sùn. Alfa rẹ dára, Omega rẹ náà dára. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ọ̀sán, ta ló lè bá ọ sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ? O bú oníbàárà, o lé alágbàṣe, ìyàwó rẹ pè ọ́ lórí fóònù, o jágbe mọ́ ọn. Lẹ́tà méjìlélógún ló wà láàárín àwọn méjèèjì, inú wọn ni wọ́n ti ṣa mẹ́rin kọ Ọlọ́run. Lọ kọ́ wọn, bí itọ́ tilẹ̀ ń ta.