Igi Tó Ń Kí Wa Kú Iṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, mo kí yín kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí àga kò kárí, mo kí yín kú ìdúró. Èmi ni Ọdẹ́yalé, ọmọ bíbí Òkè-Arère, ọdẹ tí ẹfọ̀n ń rí lọ́ọ̀ọ́kán tí ó ń wá ọ̀nà ibòmíràn gbà.

Ayọ̀ká ìyàwó mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yan gàrí tà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ti rin ẹ̀gẹ́, wọ́n ti fún un, ni igi ìdáná bá tán, bẹ́ẹ̀ bí wọn kò bá yan án lọ́jọ́ náà, ewúrẹ́ ni yóò jẹ ẹ́, ebi yóò sì pa àwọn ọmọ wọn. Ayọ̀ká ní níwọ̀n ìgbà tí ìbọn mi kò mú nǹkan wálé mọ́, kí n gbé àáké.

Nínú igbó, mo rí igi gbígbẹ kan tó dùbúlẹ̀ gbalaja. Bí mo ti gbé àáké sókè, igi ya ẹnu, ó ní: "Kú iṣẹ́ o, ọdẹ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ọmọ tí a kọ́ nílé yóò ṣe? Ẹnu mi ti ní "Ẹ ṣeun, bàbá" kí n tó rántí ohun tí mo wá ṣe, ta ni yóò sì la àáké mọ́ àgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kí i? Àwọn àgbà ní igi wọ́rọ́kọ́ ní í daná rú. Èyí nà gbọọrọ, ẹnu rẹ̀ ló daná rú. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀, ó sì tọ̀ mí lẹ́yìn, ó ń ṣàròyé oòrùn.

Ayọ̀ká ní èmi ni mo dá a lóhùn, kì í ṣe òun, ó já àáké gbà. Igi ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá." Ayọ̀ká kúnlẹ̀ tàáké-tàáké. Àwọn yòókù gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gẹ́ ń kan, eṣinṣin ń kó jọ, ọkàn mi bàjẹ́.

Ìgbà tó yá, Ayọ̀ká ní: "Bàbá, ẹ má bínú. Ó yẹ kí a fún àlejò ní gàrí mu, ṣùgbọ́n kò sí igi tí a ó fi yan án."

Igi gbé itọ́ mì. Ó ní ọjọ́ pẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé òórùn gàrí wá bá òun, òun kò sì fi kan ẹnu rí. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo tòsì. "Ṣé apá kan á tó?"

A dáná, a yan gàrí, a bu àwo kan fún un pẹ̀lú omi tútù àti ẹ̀pà. Ó mu ún, ó pọ́nnu lá, ó yọ apá kejì. Ẹsẹ̀ tẹ̀ lé apá, ìbàdí tẹ̀ lé ẹsẹ̀, nígbà tí a fi máa yan gàrí tán, ẹnu nìkan ló kù lẹ́bàá ààrò, tí ó ń bèèrè ṣúgà.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tí nǹkan bá ń dùn mọ́ lẹ́nu, kó máa bojú wo apá rẹ̀. Ó dàbọ̀ o. Ayọ̀ká tún ti rán mi nígi, mo sì ti ń di òwú sétí báyìí. Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn, n kò gbọ́.