Ahá Tí Wọ́n Gbé Kọ́ Ògiri

Obìnrin kan wà tí ilé ọkọ gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe lébìrà nínú oko kòkó olóko, òun ń yan gàrí. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Ebi kò pa wọ́n. Ohun kan ṣoṣo ló ń dun obìnrin yìí: láti ìgbà tó ti bí àkọ́bí rẹ̀, kò tíì fojú kan ìyá tó bí i lọ́mọ. Àárò ìyá náà ń sọ ọ́ gan-an. Bó bá gbọ́ tí ìyá kan ń ki ọmọ rẹ̀ lóríkì ládùúgbò, a dúró gbọ́, gàrí a sì máa jóná lórí iná.

Ojú ìyá náà ti ń ṣú bọ̀. Ó gbọ́ pé inú rírun kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ òun gbádùn. Ló bá ránṣẹ́ nípasẹ̀ obìnrin ọlọ́sàn kan: "Sọ fún ọmọ mi kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá, kí n rí wọn kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi lójú." Ó fi ahá kan rán an, ahá ọlọ́rùn gígùn tó gbìn lẹ́yìnkùlé, tó sì fín fúnra rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dáa. Ó ní, "Kó máa fi èyí bu omi nínú àmù. Kí ẹnikẹ́ni má ki ọwọ́ bọ omi mímu mọ́."

Ọmọ gba ahá, ó bú sẹ́kún. "Yéè! Iṣẹ́ ọwọ́ ìyá mi rèé o! Ta ni yóò máa fi èyí bu omi, kí àwọn ọmọ wọ̀nyí fọ́ ọ mọ́ mi lọ́wọ́?" Ó kan ìṣó mọ́ ògiri, ó gbé ahá kọ́ ọ. Bí àárò bá sọ ọ́, a gbójú sókè wò ó, ọkàn rẹ̀ a sì rọ̀ díẹ̀. Àwọn ọmọ ní tiwọn ń ti inú erùpẹ̀ bọ̀, wọ́n ń ki ife tòun tọwọ́ bọ inú àmù bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Akínwándé ọmọ mi, má wo aago. Ìtàn náà kò gùn.

Obìnrin yìí tọ́jú owó ọkọ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n gbéra, àbíkẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, ó ń bì, ojú rẹ̀ jìn wọnú. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára. Ọmọ yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ti tán. Oògùn nìkan kọ́ ló jẹ ẹ́ o. Ọjọ́ márùn-ún ni ìyá fi jókòó ti ọmọ, ẹ̀gẹ́ tó ti rin sílẹ̀ bà jẹ́. Kí ọkọ tó padà sóko, olóko ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Lọ́dún kejì, àkọ́bí ló kàn. Lọ́dún kẹta, méjì dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ta agbada tó fi ń yan gàrí. Àwọn aládùúgbò ní ayé ló ń bá a jà. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó wo ahá lára ògiri, ó ní, "Ìyá mi, ṣé a ó tún ríra báyìí?"

Ọdún kẹrin ni wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ìyá. Ó fi aṣọ wé ahá náà dání, kí ìyá lè rí bí òun ti kẹ́ ẹ tó. Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sì mọ ẹni tó wọlé títí wọ́n fi kí i. Ó fọwọ́ wá ojú àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, imú, ètè, àgbọ̀n. "Ta ni èyí jọ?" ló ń béèrè ṣáá. Ọmọ wá gbé ahá lé e lọ́wọ́. Ìyá fọwọ́ ra inú rẹ̀, ó gbé e símú.

"Ọmọ mi, omi kò kan ahá yìí rí."

"Ìyá mi, mo kẹ́ ẹ ni. Ìgbàkigbà tí àárò yín bá sọ mí ni mo ń wò ó."

Ìyá ní, "Èmi kò ní kí o máa wò ó. Mo fi ránṣẹ́ sí ọ kí inú má baà máa yọ àwọn ọmọ lẹ́nu, kí o lè tètè wá."

Akínwándé, ọmọ mi, ìwọ ni mo ń bá wí. Ọdún mẹ́ta rèé tí o ń dá wá kí èmi àti ìyá rẹ, ọ̀rọ̀ kan náà lo sì ń bá wá: inú ló ń yọ àwọn ọmọ lẹ́nu, owó ti tán sílé ìwòsàn. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ sọ Mojíbádé lórúkọ, ìyá rẹ gbé korobá onídèérí wá fún yín, èyí tó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀, kí ọwọ́ má baà kan omi mímu. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ lánàá, tí ò ń rẹ́rìn-ín, pé ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀ lókè kọ́bọ́ọ̀dù, pé ó ti dára jù fún lílò. Ó dára jù, àbí? Ẹ̀bùn tí ẹ kò lò, ẹ kò tíì gbà á lọ́wọ́ wa.

Bí o bá délé lónìí, ya ọ̀rá náà, kí o pọnmi sí korobá. Ìyá rẹ bi mí láàárọ̀ yìí pé báwo ni ojú Mojíbádé ṣe rí báyìí. Mo ní ìwọ lo máa gbé e wá kó rí i.