Ilé tí mo kọ́ fún Awọ́nrínwọ́n

Ta ni nínú yín, ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ péjọ yìí, ta ló ti gbé ìbọn kọ́ èjìká rí wọ igbó kìjikìji lọ, tó jẹ́ pé ohun tó ń wá kò gbọdọ̀ kú? Ẹ má wulẹ̀ wo ojú ara yín, èmi ni. Mo kí ẹ̀yin àgbà, mo kí ẹ̀yin ọmọdé, aboyún tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o. Ọdẹ́bùnmi ni orúkọ mi, Ìwéré-Ilé ni ìlú mi, obìnrin ni mí, ọgbọ̀n ọdún ni mo sì ti fi ṣe ọdẹ, nítorí bàbá mi kò bí ọkùnrin, ìbọn rẹ̀ kò sì lè máa jókòó lásán bí àlejò tí a kò fún lómi.

Màmá mi, Àwẹ̀ró, ló rán mi níṣẹ́ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, kò lè jáde mọ́, bí mo bá sì ti wọ igbó láàárọ̀, òun nìkan ni yóò wà nínú yàrá títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀wà tí mo bá sè sílẹ̀, bí mo ṣe fi í sílẹ̀ ni mo ń bá a. Ó ní ẹnu òun kì í ṣí sí oúnjẹ bí kò bá sí ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń rù, ó ń gbẹ bí ewé inú ọyẹ́, ẹ̀rù sì ń bà mí pé lọ́jọ́ kan n ó wọlé, n kò ní bá a láyé.

Mo ní, “Màámi, ṣé kí n mú ajá wá?”

“Kó máa gbó mọ́ mi? Rárá.”

“Ewúrẹ́ ńkọ́?”

“Yóò jẹ ẹní tí mo sùn lé. Adìyẹ, má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, ariwo rẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ. Awọ́nrínwọ́n ni kí o mú wá fún mi, Bùnmi, èyí tó mọ níwọ̀n. Ẹran tó ń jókòó jẹ́ẹ́ nìyẹn, tó ń wo èèyàn lójú.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń mú ẹran wálé, kò sí ọ̀kan tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé rí!

Mo gbàdúrà, mo di gààrí, mo rìn títí mo fi dé etí odò kan tí omi rẹ̀ ń ṣàn gòkè, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Awọ́nrínwọ́n mẹ́ta ń yá oòrùn lórí àpáta níbẹ̀.

“Ẹ kú ọ̀nà o, ìyá ọdẹ.”

“Ẹ kú oòrùn yíyá o,” mo dá wọn lóhùn, mo sì sọ ohun tí mo bá wá.

Èyí àkọ́kọ́ gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Ó ní, “Èmi ni kẹ́ ẹ mú! Ẹ̀yìn mi ni màmá yín yóò máa gùn.” Mo ní bó bá na ara nínú yàrá ìyá mi, ìrù rẹ̀ yóò wà lójúde. Èkejì kò ju ìka ọwọ́ lọ; ó ti gun ìbọn mi, ó ti gba ẹnu rẹ̀ wọlé, ó tún ti jáde, ó ń pariwo pé, “Èmi ni! Èmi ni!” Mo ní ojú ìyá mi kò dá ṣáṣá mọ́, yóò rò pé aáyán ni. Ẹ̀kẹta fi díẹ̀ gùn ju apá mi lọ, kò sì tíì mira. Ó wò mí, ó wá bèèrè pé:

“Ìyá ọdẹ, ṣé àárọ̀ ni oòrùn ń wọ yàrá màmá yín, àbí ìrọ̀lẹ́?”

Mo mọ̀ pé òun ni.

Ó ní, “Ẹ fún mi níbi tí oòrùn ti lè ta sí mi lára, àti ibòji tí mo lè sá sí. Kí omi mi tó èyí tí n ó fi gbogbo ara wọ̀, kí erùpẹ̀ jìn tó èyí tí n ó gbẹ́. Ẹ dé ilé náà dáadáa, torí èékánná mi máa ń gun nǹkan kí èmi alára tó mọ̀. Ẹyọ kan ló kù: n kò lè gbé abẹ́ òkú àwọn èèyàn mi.”

“Mo ṣèlérí,” mo yára sọ bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ń ṣe àmín sí àdúrà tí kò gbọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kan ilé náà pẹ̀lú pákó àti nẹ́ẹ̀tì, ó gùn ní ìlọ́po mẹ́ta ara awọ́nrínwọ́n náà. Mo gbé báàfù omi sí i, mo da erùpẹ̀ sí i, mo fi àpáàdì ṣe ibòji. Níbo wá ni kí n gbé e sí? Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ọdẹ ti tàn mí jẹ. Ibi tó móoru jù nínú yàrá màmá mi, tí oòrùn sì ń wọ̀, ni ẹ̀gbẹ́ ààrò, lábẹ́ àjà tí mo ti ń yan ẹran. Awọ́nrínwọ́n yíyan mẹ́rin sì wà lórí àjà yẹn, tí ẹnì kan ti bẹ̀ mí pé kí n bá òun tọ́jú. Mo ní kò burú, ọjọ́ ọjà ni n ó kó wọn kúrò.

Mo lọ pe awọ́nrínwọ́n létí odò. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, ó wòkè lẹ́ẹ̀kan, ó di ojú. Ẹyin tí mo gbé fún un, kò fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Lọ́jọ́ kẹta, màmá mi náà káwọ́ gbera, kò fọwọ́ kan ẹ̀wà rẹ̀.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun.”

“Àlejò mi kò tíì jẹ. Ìwọ, Bùnmi, bí wọ́n bá gbé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́ lókè orí rẹ, ṣé wàá jẹ ẹyin?”

Mo gun àpótí, mo kó awọ́nrínwọ́n yíyan náà sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo pinnu pé n ó san owó wọn fún ẹni tó ni wọ́n, mo sì gbẹ́ ilẹ̀ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ògúnkẹ́yẹ tí a jọ ń ṣọdẹ ló ń kọjá.

“Ọdẹ́bùnmi! Ẹran yíyan lò ń sin? Ó yá, kú ará fẹ́ra kù o!”

“Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi na ọkọ́ yẹn.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó na ọkọ́ sí mi.

Nígbà tí mo padà wọlé, àlejò wa la ojú kan, ó la èkejì, ó wọ inú omi, ó jáde, ó gbé ẹyin náà mì pẹ̀lú èèpo. Màmá mi pariwo pé, “Ẹ̀wà mi dà?” Ó jẹ ẹ́ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìgbéyàwó rẹ̀, awọ́nrínwọ́n sì ń dá a lóhùn pé, “Ẹ̀n-ẹ́n, kí ló wá ṣẹlẹ̀?”

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá fẹ́ mú ohun abẹ̀mí wọlé, kí òun alára kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ síbi tó fẹ́ fi í sí, kó wòkè. Ẹ máa lọ ní àlàáfíà, kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ̀nà yín. Ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà mi, kó yà kí màmá mi. Ọdún kẹfà rèé tí òun àti àlejò rẹ̀ ti jọ ń tàkúrọ̀sọ. Àgbàdo irúgbìn ni mò ń kó sórí àjà yẹn.