Bí Àmì Funfun Ṣe Kún Ara Awó

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹran àti ẹyẹ ṣì ń kí ara wọn káàárọ̀, ara Awó dúdú láti ọrùn dé ìrù bí ìdí ìkòkò. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Ariwo ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún kan, àrùn kan tí ń jẹ́ Lùkúlùkú wọ ìlú àwọn ẹyẹ. Ó pa àgbà, ó pa èwe. Ẹ̀gbọ́n Awó wà nínú àwọn tó bá a lọ. Fún oṣù kan gbáko, Awó ò pariwo.

Lọ́dún kejì, ìròyìn dé pé Lùkúlùkú tún ń bọ̀. Òòrẹ̀ arúgbó, tó mọ tewé tegbò, pe gbogbo ẹyẹ jọ. Ó ní òun ti mú itọ́ àrùn náà, òun sì ti sá a sóòrùn títí agbára fi tán lára rẹ̀. Òun fẹ́ fi ṣóńṣó ẹ̀gún ẹ̀yìn òun fi díẹ̀ sára ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Awó ló bi í pé, “Bàbá, ṣé àrùn lẹ fẹ́ fi wo àrùn ni?”

Òòrẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ, wọn ò mọ ojú ọ̀tá ni. Èyí tí mo fẹ́ fi hàn wọ́n ti káyín. Tí wọ́n bá ti dá a mọ̀, èyí tó léyín ò ní bá wọn lójijì.”

Àgbébọ̀ adìẹ béèrè nípa ọmọ rẹ̀ mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lánàá. Òòrẹ̀ ní wọ́n ṣì kéré jù fún ẹ̀gún, ṣùgbọ́n bí gbogbo àgbà bá gbà á, Lùkúlùkú ò ní rí ilé wọ̀ débi tí yóò fi kàn wọ́n.

Awó wo àwọn òròmọdìẹ náà. Ó rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bọ́ síwájú, ó dijú. Òòrẹ̀ gún un. Kí ó tó yanu láti ké, ó ti parí. Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀ di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà ó yá gágá. Àmì funfun kékeré kan wá yọ níbi tí ẹ̀gún ti wọlé, ó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀.

Inú Awó dùn débi pé kò lè dúró lójú kan. Ó ń sáré káàkiri, ó ń fi àmì rẹ̀ han gbogbo ayé. Ìgbà tí àwọn yòókù rí i pé kò kú, tó tún wá lẹ́wà sí i, wọ́n tò lọ sílé Òòrẹ̀. Awó náà tún tò. Ó yí ohùn padà, ó ní òun ni àbúrò Pẹ́pẹ́yẹ. Ó tún dé, ó ní òun ni àna Tòlótòló. Ó fi ewé kókò bojú, ó ní àlejò ni òun.

Òòrẹ̀ ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà kejì. Ó mọ̀ pé ẹyọ kan ti tó o, nítorí náà kò fi oògùn sí ẹ̀gún mọ́. Ó ń kì í bọ ẹfun, ó ń fi tọ́ ọ lára, ó sì ń pa ẹ̀rín mọ́nú. Awó ń lọ, Awó ń bọ̀.

Lùkúlùkú dé lóòótọ́. Ó wọ ara Àkùkọ, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ dá a mọ̀, wọ́n lé e jáde. Ó yà sọ́dọ̀ Pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n tún lé e. Kò rí ẹnikẹ́ni tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn òròmọdìẹ. Ebi lé e kúrò nílùú, Awó sì pariwo tẹ̀ lé e títí dé ẹnubodè.

Láti ọjọ́ náà ni àmì funfun ti kún ara Awó. Ẹyọ kan péré ni tàwọn yòókù, ìyẹ́ sì ti bò ó. Nínú gbogbo èyí tó wà lára Awó, ẹyọ kan ṣoṣo ló ní oògùn. Ìyókù, oge lásán ni.