Ohun tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Rí Lókè Igi

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ọ̀kẹ́rẹ́ aláìfìdíkalẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àìsàn wọ Ọ̀kẹ́rẹ́ láyà. Òòrẹ̀ oníṣègùn wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, àrùn yìí kò gbóògùn. O kò ní í rí òpin oṣù tó ń bọ̀." Ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bá ki eré mọ́lẹ̀, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ikú ń bọ̀ lẹ́yìn o,
*Ẹsẹ̀ mi, má dúró!*

Ó sá dé orí òkè, kò rí ìwòsàn. Ó sá dé etí odò, òfo. Lẹ́ẹ̀kẹta, èémí rẹ̀ kò délẹ̀ mọ́, ó ṣubú sẹ́nu ihò Ìyá Òkété afọ́jú.

"Ṣé Ọ̀kẹ́rẹ́ nìyẹn? Jọ̀ọ́, báwo ni orí igi ṣe rí?"

Ẹsẹ̀ ń yún un láti tún sáré, àmọ́ ó dáhùn. Ó sọ bí ìrì ṣe ń dán lórí imọ̀ ọ̀pẹ, àti bí ọ̀bọ ṣe ń jí èso ọmọ ara rẹ̀ jẹ. Ìyá Òkété rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Háà!" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Mo rò pé mo kàn ń sá kiri ni. Àṣé mò ń ríran!"

Ojoojúmọ́ ló ń padà wá. Àyà ń ro ó, ó ń sọ ohun tó rí lórí igi, títí ọlọ́jọ́ fi dé. Láti ìgbà náà, Ìyá Òkété afọ́jú ló ń júwe orí igi fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sinmi sí o.