Ìkànnì Tí Ojú Fóònù Gé

Ọkùnrin kan wà tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dunjú. Àwọn ilé ìwòsàn mẹ́rin tó wà láàárín oko bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́ ìkànnì ayélujára kan fún wọn, tí aráyé yóò máa fi mọ ibi tí oògùn oró ejò wà lójoojúmọ́. Láti ìpìlẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ, fún oṣù méjì, níwájú kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ fẹ̀ bíi fèrèsé. Ó lẹ́wà.

Nọ́ọ̀sì àgbà láti ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn náà wá wò ó, ó yìn ín. Lẹ́yìn náà ó bèèrè pé, “Ṣé ẹ ti wò ó lórí fóònù? Fóònù kékeré ni àwọn ará oko ń lò o.”

“Màá yẹ̀ ẹ́ wò, mà.”

Kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi í síta.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, fóònù rẹ̀ dún. Ohùn ọkùnrin tí kò mọ̀ rí ni. “Ẹ dákun, nọ́ńbà yín ni mo rí lórí ìkànnì yìí. Ejò ti ṣán ìyàwó mi. Ilé ìwòsàn tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú la gbé e wá, oògùn tiwọn ti tán. Mo rí orúkọ àwọn yòókù, mi ò rí èyí tí oògùn wà. Ibo ni ká gbà?”

Ó ṣí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lórí fóònù kejì, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú fóònù ti gé apá tó sọ ibi tí oògùn wà kúrò. Ó sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó ka orúkọ náà sókè.

“A ti kọjá ibẹ̀ lójú ọ̀nà,” ni ọkọ obìnrin náà wí. Fóònù kú.

Títí di ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà náà kò lè jẹun, kò lè jókòó. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì àgbà pè é. “Obìnrin náà yè. Ṣùgbọ́n a kò tíì mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ yẹn yóò ṣeé fi rìn.” Kò bá a wí. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Ó wó gbogbo ìkànnì náà palẹ̀. Ó tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀, lórí fóònù tó kéré jù tó rí. Ìgbà tí gbogbo ọ̀rọ̀ hàn lójú fóònù náà tán ló tó mú un fẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ó wá gun ọ̀kadà lọ sí oko, ó fi fóònù náà lé obìnrin tí ejò ṣán lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì. Ọkùnrin náà dúró, ó ń làágùn. Obìnrin náà fi àtàǹpàkò fà á sókè díẹ̀, ó tọ́ka.

“Ibí yìí ni oògùn wà lónìí.” Ó gbójú sókè wò ó. “Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí?”

Ìwọ tí o ń gbọ́ mi, iṣẹ́ tí aráyé yóò lò wà lọ́wọ́ ìwọ náà. Má ṣe jókòó sórí àga rẹ kí o máa yìn ín. Gbé e tọ ẹni tí kò ní tó ọ lọ, dúró tì í, kí o wo bí yóò ṣe lò ó. Ẹ̀rù yóò bà ọ́. Jẹ́ kó bà ọ́ nísinsìnyí tí àtúnṣe ṣì wà.